Bútà Ò Yọ́, Aago Yọ́: Bí Iná Ṣe Mú Ìyá Wa Lọ ní Òkèlélé, Ìlọrin

Lọ́jọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ Ìyá, lẹ́yìn táwọn àfáà ti jẹun tán tí wọ́n ti ká ẹní wọn, ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó wà ní yunifásítì na fóònù ẹ̀ sí Bàbá Àgbà agbo ilé wa, ó ní ẹ wò ó, àwọn òyìnbó gan-an mọ̀ pé ó wà, èèyàn lè jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ kí iná sọ láti inú ara ẹ̀, spontaneous human combustion ni wọ́n ń pè é, ìyá kan nìyí ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ nìkan ló kù, àbí kì í ṣe bí ti Ìyá ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn? Bàbá gba fóònù, wọ́n wò ó títí, wọ́n dá a padà, wọ́n mi orí. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Torí tí iná bá ti lè jáde látinú ara èèyàn lásán, ìbéèrè tó kù ò ju pé ta ló fi síbẹ̀, a sì ti mọ orúkọ tó wà lẹ́nu wọn látọjọ́ tí a ti gbé òkú.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi tó kéré jù ni. Òun ló ń bá Ìyá gbélé, òun ló ń po ògì wọn, òun ló ń fọ aṣọ wọn, òun náà ló sì bá wọn fa ọ̀rọ̀ nítorí owó ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, gbogbo agbo ilé ló gbọ́ ohùn ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní àsàsí ni. Àwọn kan ò tiẹ̀ dárúkọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń sọ pé "wọ́n ti ṣe é" tí wọ́n á wá wo apá ilé ìdáná. Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ní kí n jókòó kí n kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi parí ẹjọ́. Mo kọ ọ́. Ohun tí mo kọ rèé, mo kàn yọ orúkọ kúrò.

Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ ń mú bí abẹ. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, Dáda, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò, ni wọ́n ti mọ ìkòkò jẹun fún bí ogójì ọdún, orúnkún wọn ti lọ tipẹ́, wọn ò lè na ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́ torí ó ń dùn wọ́n, orí àga onírin kan tó ní fóòmù ni wọ́n ti ń sùn. Láàárọ̀ àti lálẹ́ wọ́n á fi òrí ra ẹsẹ̀, ra ìbàdí, òrí gidi táwọn Ìbàrìbá ń gbé wá o, kì í ṣe ti inú ike yẹn, wọ́n á rà á títí ìró ìdí wọn á fi máa dán bíi bébà tí wọ́n fi di àkàrà. Lórí ìró yẹn, súwẹ́tà. Lórí súwẹ́tà, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan tó ní irun múlọ́múlọ́ tí mo rà fún wọn ní Ọjà Tuntun lọ́dún tó kọjá. Àdògán wà níwájú ẹsẹ̀ wọn, èédú pupa nínú ẹ̀. Wọ́n sì ti fi páálí dí fèrèsé kí atẹ́gùn má bàa wọlé.

Lẹ́yìn ìrun ìṣáì ìyàwó ilé fún wọn ní ògì, ó fún wọn ní oògùn ikọ́ olómi yẹn, èyí tó máa ń kun èèyàn lóorun, ó pa ilẹ̀kùn dé. Bí aago mẹ́sàn-án nìyẹn. Kò sí iná NẸ́PÀ. Láàárín òru àwọn ará ilé kejì gbóòórùn bí ẹni ń yan ẹran, wọ́n rò pé àwọn tó ń yan ẹja lẹ́bàá ọ̀nà ni. Nígbà ìrun àsùbáà ìyàwó ilé lọ gbé omi àlùwàlá kún bútà wọn, ó ti ilẹ̀kùn, ariwo tó pa ló jí gbogbo ilé.

Tánkẹ́ ni mò ń gbé, mo dé ibẹ̀ kí aago méje tó lù. Ẹ jẹ́ n má sọ púpọ̀ nípa Ìyá fúnra wọn. Láti ìsàlẹ̀ orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì wà bó ṣe wà, sọ́kìsì aláwọ̀ ewé wọn wà lẹ́sẹ̀, kò rá rárá. Láti orúnkún lọ sókè ni iná ti ṣe ohun tó ṣe, àárín ara ló burú jù, eérú lásán. Àwọn àfáà ò rí òkú wẹ̀, tayamọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe. Ó tó.

Yàrá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Òkè àjà dúdú kirikiri. Ara ògiri, láti ibi àyà mi lọ sókè, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń yọ̀, mo fi ìka kàn án ó dà bí ìdí páànù tí wọ́n fi ń dín àkàrà láti ọdún méje. Aago oníke tó wà lára ògiri ti yọ́, nọ́ńbà mẹ́fà ti ṣàn wá sísàlẹ̀ bí àbẹ́là. Òkè nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti lẹ̀ pọ̀. Àmọ́ nísàlẹ̀, bútà oníke tí Ìyá fi ń ṣàlùwàlá wà nílẹ̀, kò ju apá kan sí ẹsẹ̀ wọn, ike lásán, bútà náìrà díẹ̀, kò wó, kò yọ́, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Tẹ̀sùbáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Etí ẹní kò jó. Bẹ́ẹ̀dì tó wà ní igun yàrá, aṣọ orí ẹ̀ funfun bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n á wo òkú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wo bútà, wọ́n á ní "lá ìláhà ilá-lláhù, iná ayé kọ́ nìyí." Bútà yẹn ló dá ìyàwó ilé lẹ́bi o, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Iná wo ni yóò jẹ egungun èèyàn tí kò ní jẹ ike?

Èmi náà dúró wò ó, mi ò ní purọ́, ara mi bù máṣọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dáná igi rí ti mọ ìdáhùn ẹ̀. Tí èéfín bá kún ilé ìdáná, kí ni ìyá ẹ máa ń sọ fún ẹ? Bẹ̀rẹ̀. Òkè ni ooru ń lọ, á kóra jọ sábẹ́ àjà, á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá wà lókè á yọ́, ohun tó bá wà nílẹ̀ á tutù. Iná tó kéré tó ń jó lójú kan ṣoṣo nínú yàrá tí wọ́n dí, kò ní ọwọ́ tó fi máa mú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Sọ́kìsì tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ìdí kan náà ni, iná kì í ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi.

Ìyá Amẹ́ríkà tó wà nínú fóònù yẹn, mo mọ ìtàn wọn, wọ́n gbajúmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mary Reeser lorúkọ wọn, ìlú St. Petersburg ní Florida, oṣù keje 1951, ẹni ọdún 67. Nígbà tí ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ dókítà rí wọn kẹ́yìn lálẹ́, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n wọ aṣọ àwọ̀sùn, wọ́n ń mu sìgá, wọ́n sì ti sọ fún un pé àwọn ti lo oògùn oorun, àwọn ṣì lè lo sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, onílé mú tẹligíráàmù wá, ó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn, ó gbóná. Nínú ilé, àga ti jó tán, ìyá ti jó tán, ẹsẹ̀ òsì kan ló kù, bàtà wà lẹ́sẹ̀. Ike tó wà lára ògiri lókè yọ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, wò ó. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé aṣọ ló kọ́kọ́ gbaná, pé ọ̀rá ara ìyá náà ló sì wá ń bọ́ iná yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Sìgá, oògùn oorun, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àga tìmùtìmù. Mo sọ fún ọmọ àbúrò bàbá mi pé ṣé o ka ìtàn ẹ̀ dé ìdí ni àbí àwòrán lo wò? Ó dákẹ́.

Kò dákẹ́ pẹ́ ṣá. Ó tún mú ti Ireland wá, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Bàbá ẹni ọdún 76 kan ní Galway, December 2010, wọ́n bá a tó ti jó nínú pálọ̀ ẹ̀, òkè àjà tó wà lókè ẹ̀ àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ nìkan ló jó. Ní 2011, kọ́rónà, ìyẹn ẹni tí ìjọba yàn láti máa wádìí ikú, sọ ọ́ síta pé spontaneous human combustion ló pa á, pé kò sí àlàyé tó tẹ́ òun lọ́rùn. Lẹ́nu ìjọba nìyẹn o! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù: ẹ̀bá ibi tí wọ́n ń dáná sí nínú pálọ̀ ni bàbá yẹn sùn sí, orí ẹ̀ ló kọjú sí iná. Àwọn panápaná ní iná ibẹ̀ kọ́ ló ràn án. Ó dáa. Kí èèyàn má rí bí iná ṣe kọjá láti ibi kan sí ibòmíì, ìyẹn ò sọ ọ́ di pé kò sí ibi tó ti wá. Bí owó mi bá sọnù láàárín Pọ́sítọ́fíìsì sí Gẹ̀rí Àlímì tí mi ò mọ ibi tó já bọ́ sí, ṣé màá ní ó fò ni?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí ni ibi tí wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀. Àgbàlagbà, tàbí aláìsàn, tàbí ẹni tó ti mutí yó. Òun nìkan nínú yàrá. Iná wà nítòsí: páìpù, sìgá, àbẹ́là, àdògán. Kò sí ẹni tó ṣàdédé gbaná lórí sáàfù ìrun Jímọ̀, kò sí ẹni tó gbaná nínú odò, kò sí màlúù tó gbaná ní Ìpàta bó ti wù kó sanra tó, àwọn màlúù sì lọ́ràá ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ara èèyàn, bí ìdajì ẹ̀ sókè ni omi. Ooru ara wa, 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí ibà bá gbé e dé 42, ẹ̀mí lẹ ń wá nìyẹn, kò sì tíì gbóná tó ohun tó lè dá iná sílẹ̀ rárá. Nǹkan kan wà tó ń gbaná fúnra ẹ̀ láyé, mi ò jiyàn: àkísà tí káfíńtà fi nu òróró linseed sára àga tó wá ká jọ sí igun kan, ó lè gbóná fúnra ẹ̀ títí yóò fi gbaná, èédú tuntun tí wọ́n kó sínú àpò tó sún mọ́ra jù náà lè ṣe é, ìdí nìyẹn táwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń kà á mọ́ ẹrù eléwu. Afẹ́fẹ́ ló ń bá wọn jà díẹ̀díẹ̀, ooru ẹ̀ ò sì ráyè jáde. Èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé ooru wa káàkiri, òógùn ń gbé e síta.

Láyé àtijọ́ ọtí làwọn òyìnbó dá a sí lọ́rùn, wọ́n ní ọtí ló ti rin ara ẹni náà. Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, já a kulẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ẹran tí wọ́n rẹ sínú ọtí, ọtí ara ẹ̀ ló máa jó, ẹran á kù síbẹ̀. Ìyá wa tiẹ̀ rèé, ọtí ò kan ètè wọn rí, Fáńtà gan-an wọ́n á bi ọ́ pé kí ló wà nínú ẹ̀.

Báwo ló ṣe wá jó tó bẹ́ẹ̀? Ibi tí Bàbá dá mi dúró sí nìyẹn, wọ́n ní àwọn ti rí ilé tó jó, òkú inú ẹ̀ kì í di eérú. Òótọ́ ni. Nílé tí wọ́n ti ń sun òkú nílùú òyìnbó, iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1000 ni wọ́n ń tàn, fún bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, wọ́n ṣì tún máa ń lọ egungun tó bá kù. Mo wá ní Bàbá, ẹ rántí fìtílà. Ta ló ń jó nínú fìtílà, òwú ni àbí òróró? Wọ́n ní òróró. Mo ní òwú ńkọ́? Wọ́n ní òwú ń fà á ni, bí òróró bá ṣì wà, òwú ò ní jó tán. Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìró ìdí Ìyá ni òwú. Òrí tó ti rin ín ló kọ́kọ́ jó. Nígbà tí awọ ara bẹ́, ọ̀rá inú ara ń yọ́, aṣọ ń fà á, ó ń jó, tó bá jó ibẹ̀ á tún yọ́ òmíràn. Ẹ ti rí àgbò Iléyá lórí àwọ̀n, tí ọ̀rá bá kán sórí èédú kí ló máa ń ṣe? Iná kékeré ni, kò ga ju àga lọ, ṣùgbọ́n kò kánjú, òru mọ́jú ló ní. Ibi tí ọ̀rá pọ̀ sí lára ló jó jù, ojúgun tí kò lọ́ràá ló kù. Ohun tó sì lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn, tí mo fi ìka kàn, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó jẹ́.

Wọ́n ti dán an wò o. Lọ́dún 1998, John DeHaan, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ wíwádìí iná, fi bùláńkẹ́ẹ̀tì we òkú ẹlẹ́dẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n kó àga sí, ó da bẹntiróò díẹ̀ sí i, ó ṣáná sí i, BBC ń ya fídíò ẹ̀. Bẹntiróò jó tán kíá, ọ̀rá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí egungun fi rọ̀ tó ń rún, yàrá ò sì jó. Nígbà tí mo dé ibi ẹlẹ́dẹ̀ àwọn àgbà kan ń ṣe "aúsù bílláhì," ẹ fojú fò ó, ẹran tó sún mọ́ ti èèyàn ni wọ́n ń wá.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò nílò àlàyé mi ni ìyá kan láti Dáda, ẹgbẹ́ Ìyá, àwọn ni wọ́n jọ ń sun ìkòkò ní pápá. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo àjà, wọ́n ní "iná yìí ò yára, ó fara balẹ̀ ni," wọ́n jáde lọ jókòó.

Ó ku àdògán. Ibi tí wọn ò ti fẹ́ gbà fún mi nìyẹn, torí nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, àdògán ò sí nínú yàrá. Ìta ló wà, lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, eérú nínú ẹ̀. Kò sí àtùpà, kò sí àbẹ́là, Ìyá ò mu sìgá. Nítorí náà, ibo ni iná ti wá? Mo fi ọjọ́ méjì rò ó. Nígbà tó yá mo pe ọmọ ìyàwó ilé yẹn, ọmọbìnrin, ọdún 11, mo ra bisikíìtì fún un, a jókòó sábẹ́ igi mángòrò, mi ò bi í ní nǹkan kan nípa iná, mo ní kó sọ gbogbo ohun tó ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà fún mi, bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ. Ó jẹ ẹ̀wà. Ó fọ abọ́. Ìyá pè é lẹ́yìn tí màmá ẹ̀ ti wọlé sùn, wọ́n ní ooru àdògán ti pọ̀ jù, kó gbé e síta. Bó ṣe ń gbé e ni èédú kan ta, tàpà! Ìyá ní "ṣé kò ta sí mi lára?" Ó wò ó, kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní nǹkan ń ta àwọn ní ìbàdí, kó bá àwọn gbọn bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ó tó, kó lọ sùn.

Ẹyinná tó kéré bí orí ìṣáná ló wọ àárín fóòmù àti ìró yẹn, bí mo ṣe rí i nìyẹn. Fóòmù ò ní sọ iná lójú ẹsẹ̀, á máa jó lábẹ́lẹ̀, á máa rú èéfín. Nínú yàrá tí wọ́n fi páálí dí fèrèsé ẹ̀, tí èédú ti wà látìrọ̀lẹ́, carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí èédú ń tú jáde, ti kún ibẹ̀ kí iná yẹn tó gbérí, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó kàn ń kun èèyàn lóorun ni, oògùn ikọ́ náà sì ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé Ìyá ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe, ilé kejì ò sì jìnnà.

Mo ní kí ọmọ yẹn lọ ṣeré, pé kò ṣe nǹkan kan tó burú. Ó ní "ṣé wọ́n á lé màmá mi?"

Nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ mi fún wọn, mo fi ti ìlú Reims ní Faransé kún un, 1725, ìyàwó onílé èrò kan, Nicole Millet, jó nínú ilé ìdáná, wọ́n mú ọkọ ẹ̀ pé òun ló pa á, dókítà oníṣẹ́-abẹ kan tó ń jẹ́ Le Cat ló wá sọ fún kóòtù pé obìnrin náà gbaná fúnra ẹ̀ ni, wọ́n dá ọkọ sílẹ̀. Mo ní ẹ wò ó, irọ́ kan náà, ní ọ̀hún ó gba èèyàn là, níbí ẹ fẹ́ fi lé ìyàwó ilé. Mo rò pé mo gbọ́n. Àbúrò bàbá mi kejì kàn ní: "Ọmọ ta ló gbé àdògán síta? Ta ló ń rán ọmọ yẹn níṣẹ́ nínú ilé?" Àwọn kan mi orí. Gbogbo ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan kó jọ, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tún di ọrùn obìnrin kan náà.

Inú bí mi. Mo ní ó dáa, tó bá jẹ́ ẹni tí a fẹ́ mú là ń wá, ẹ bi mí ta ló ra bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dákẹ́. Mo ní èmi ni. Ẹ bi mí ta ló fi páálí dí fèrèsé. Àbúrò bàbá mi kejì wo ilẹ̀, torí àwọn ni. Ta ló ra èédú, ta ló ra òrí, ta ló ní kí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún máa dá sùn sórí àga? Bàbá Àgbà ní kí n jókòó. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ àsàsí mọ́ nínú agbo ilé yìí, wọ́n ka fátíà, a tú ká.

Ìyàwó ilé ti kó ọmọ ẹ̀ lọ sílé bàbá ẹ̀ ní Àfọ̀n kí ìpàdé yẹn tó wáyé. Wọ́n ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì ó ní òun gbọ́, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àdògán yẹn kúrò lẹ́bàá ilé ìdáná òun. Mo yà níbẹ̀ láàárọ̀ òní. Ó ṣì wà níbẹ̀, adìyẹ ń fi eérú inú ẹ̀ wẹ̀.